Bí ẹ ṣe lè ṣe ìrántí ọ̀gá mẹkáníìkì tó ṣí lọ sókè òkun, tó tún fẹ́ràn òkè àti igbó

Tí èèyàn wa bá kú sókè òkun báyìí, ohun tá a mọ̀ ọ́n ṣe ò ju pé ká tẹ pósítà, ká gbé fọ́tò ẹ̀ sórí wasáàpù, ká dá aṣọ ẹbí, ká háyà họ́ọ̀lù kan ní Alágbàka l'Ákùúrẹ́, ká jẹ ìrẹsì, ó parí. Mi ò bú ẹnikẹ́ni tó ṣe bẹ́ẹ̀ o. Àmọ́ tó bá jẹ́ mẹkáníìkì lẹni tó lọ, irú èyí tí gbogbo Àkúrẹ́ ń wọ́ mọ́tò wá bá, tó tún jẹ́ ẹni tí kì í fẹ́ jókòó sílé lọ́jọ́ ìsinmi, tó jẹ́ pé òkè ló ń gùn tàbí etí odò ló wà, ẹ ò lè fi họ́ọ̀lù àti kúlà rántí irú wọn kó tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ọ̀gá wa, àwọn tó kọ́ èmi àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní mẹkáníìkì fílẹ́ẹ̀jì l'Ákùúrẹ́ lónìí, ṣí lọ sí Kánádà, Calgary ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé, ibẹ̀ náà ni wọ́n sin wọ́n sí. Ìgbà tá a fẹ́ ṣe ìrántí wọn, a wá a káàkiri bóyá ẹnì kan ti kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe irú ẹ̀ sílẹ̀ lédè wa, a ò rí nǹkan kan. Ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn, torí àwọn ọ̀gá tó ti lọ sọ́hùn-ún pọ̀, àwọn náà ń dàgbà, ó sì yẹ ká mọ ohun tá a máa ṣe kí ìròyìn tó wọlé.

Ẹ kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹbí

Kẹ́ ẹ tó dá gúrúùpù kankan sílẹ̀, kẹ́ ẹ tó gbé fọ́tò kankan sókè, ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹbí. Màmá wọn tàbí ẹ̀gbọ́n wọn nílé, ìyàwó àtàwọn ọmọ lọ́hùn-ún, ìhà méjèèjì lọ̀rọ̀ kàn, tẹ́ ẹ bá mú ọ̀kan tẹ́ ẹ fi èkejì sílẹ̀, ìjà ló máa dà. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti mú ọjọ́ nílé tó jẹ́ pé orí Facebook ni ìyàwó ti rí i, ìyẹn ò dáa rárá. Ẹ yan ẹnì kan níbí tí á máa bá wọn sọ̀rọ̀, kí wọ́n yan ẹnì kan lọ́hùn-ún tí á máa dáhùn, kó má di pé èèyàn mẹ́wàá ń pe opó kan ṣoṣo. Opó yẹn ṣì ń jí lọ síbi iṣẹ́, ó ń bá báǹkì àti ìnṣọ́ránsì ṣe wàhálà ìwé, àwọn ọmọ wà lọ́rùn ẹ̀, kò ráyè kó máa sọ ìtàn bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá ti ra kírédíìtì.

Ẹ mọ aago o. Calgary fi wákàtí mẹ́jọ wà lẹ́yìn wa nígbà òtútù, ó máa ń di méje nígbà ooru torí wọ́n máa ń yí aago tiwọn. Tẹ́ ẹ bá pè wọ́n laago 8 àárọ̀ wa, òru gan-an ni lọ́dọ̀ wọn, ẹ sì mọ bí ọkàn ọmọ òkú ṣe ń já tí fóònù bá dún lóru. Aago 4 ìrọ̀lẹ́ wa ló dáa jù, aago 8 tàbí 9 àárọ̀ wọn nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ bóyá wọ́n á gbé òkú wálé tàbí wọ́n á sin ín síbẹ̀, ẹ má dá sí i. Owó ńlá ni, ìwé ẹ̀ pọ̀, ẹbí nìkan ló lè sọ ohun tágbára wọn ká. Nílẹ̀ wa, tí wọ́n bá sin èèyàn sídàálẹ̀, àwọn àgbà máa ń ní kí wọ́n mú irun àti èékánná ẹ̀ wálé kí wọ́n fi sin ín sílé bàbá ẹ̀. Àwọn ilé kan ṣì ń ṣe é, àwọn mìíràn tí wọ́n ti di ọmọ ìjọ tàbí mùsùlùmí ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Ilé ló máa yanjú ìyẹn. Ìrántí ló kan ẹ̀yin, ẹ dúró síbẹ̀.

Ìdajì wà lọ́dọ̀ wa, ìdajì wà lọ́hùn-ún

Ibi tó ká mi lára jù rèé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹni tó bá ṣí kúrò nílé, ayé ẹ̀ máa ń pín sí méjì. Àwa tá a wà nílé mọ ọ̀gá wa nígbà 504, ìgbà tí Peugeot tí wọ́n ń tò ní Kàdúná láti 1975 kún gbogbo títì, tí àwọn awakọ̀ Àkúrẹ́ sí Ondó ń tò síwájú ṣọ́ọ̀bù wọn láti ìdájí. A ò mọ ẹni tí wọ́n dà nínú yìnyín. Àwọn ọmọ wọn lọ́hùn-ún sì mọ bàbá tó ń wọ kóòtù ńláńlá, tó ń fi wáyà so mọ́tò mọ́ iná NEPA tiwọn lóru kí ẹ́ńjìnnì má bàa dì títí àárọ̀, wọn ò mọ̀ pé bàbá yẹn náà ló ń tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ lábẹ́ igi nígbà tí kò sí iná, tí ọmọ iṣẹ́ ń di tọ́ọ̀ṣì mú. Tẹ́ ẹ bá ṣe ìrántí tí ìdajì méjèèjì ò bá pàdé, ẹnì kan tí kò pé lẹ ń rántí. Gbogbo nǹkan yòókù tí mo fẹ́ sọ, torí kí ìdajì méjèèjì lè pàdé ni.

Bẹ́ ẹ ṣe máa kó ìtàn jọ nìyí. Ẹ má bi èèyàn pé "irú èèyàn wo ni wọ́n?" torí ìdáhùn tẹ́ ẹ máa gbà ni "èèyàn dáadáa ni, wọ́n láàánú, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere", ẹ ò sì ní rí nǹkan mú níbẹ̀. Mọ́tò ni kẹ́ ẹ bi wọ́n. Mọ́tò wo lẹ gbé wá? Kí ló ń ṣe é? Ta ló kọ́kọ́ ṣe é tí kò lọ? Tí ọ̀gá dé ìdí ẹ̀, kí ni wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ kàn? Kí ni wọ́n sọ? Èló ni wọ́n gbà? Ẹ ó rí i pé ẹni tí kò lọ́rọ̀ sọ tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dìde, á máa fi ọwọ́ ṣàpèjúwe.

Bàbá awakọ̀ kan tó ń na Ondó nígbà yẹn ló sọ èyí fún wa. 504 wọn ń jẹ omi. Wọ́n á pọn omi sínú rédíétọ̀ ní Àkúrẹ́, kí wọ́n tó dé Òwèna ó ti gbẹ, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ abẹ́ ẹ̀ ò tutù. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ bá ní kí wọ́n pààrọ̀ rédíétọ̀, wọ́n pààrọ̀ ẹ̀, ó tún ń jẹ omi. Wọ́n wá gbé e wá fún ọ̀gá. Ọ̀gá ò mú sípánà kankan. Wọ́n ní kí wọ́n jẹ́ kó tutù dáadáa, wọ́n ṣí ìdérí rédíétọ̀, wọ́n kún un, wọ́n ní kí bàbá sitáàtì ẹ̀, wọ́n wá tẹjú mọ́ omi. Ẹ́ńjìnnì ò tíì gbóná rárá, àmọ́ afẹ́fẹ́ ń tú jáde nínú omi náà, ó ń hó wúyẹ́wúyẹ́. Ọ̀gá ti ìka bọ omi náà, wọ́n gbé e símú, òórùn èéfín ni. Wọ́n ní, "Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, páálí tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti hẹ́ẹ̀dì ẹ̀, ló ti jó. Iná inú ẹ́ńjìnnì ló ń fẹ́ wọnú omi, rédíétọ̀ tí ẹ jù nù yẹn ò ṣe nǹkan kan." Bàbá náà ní àwọn fẹ́ sunkún torí owó rédíétọ̀. Títí dòní, tí bàbá yìí bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ ṣí rédíétọ̀ wo omi. Ẹ rí i pé ìtàn kan ṣoṣo yẹn ti sọ bí ọ̀gá ṣe jẹ́ tán, a ò tíì sọ pé wọ́n jẹ́ olóòótọ́, a ò tíì sọ pé wọ́n láròjinlẹ̀, ẹni tó bá gbọ́ ọ ti mọ̀.

Fọ́ìsì nóòtì ló dáa jù láti fi gbà á, pàápàá lọ́wọ́ àwọn àgbà tí kì í tẹ̀ nǹkan lórí fóònù. Ẹ bá wọn nílé, ẹ gbé fóònù sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ẹ pa fáànù tó bá ń pariwo, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́ lọ. Tí wọ́n bá fẹ́ fi èdè Àkúrẹ́ tàbí ti Ondó sọ ọ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ẹ má ní kí wọ́n sọ Yorùbá ìwé. Kẹ́ ẹ tó kúrò, ẹ ní kí wọ́n sọ orúkọ ara wọn àti ibi tí wọ́n ń gbé sínú ẹ̀, torí lẹ́yìn ọdún mélòó kan kò ní sẹ́ni tó máa mọ ohùn ta nìyẹn.

Àwọn tọ̀hún, ẹ bi wọ́n nípa iṣẹ́ náà. Ẹ bi àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní gáráàjì, òyìnbó tàbí Fílípínò tàbí ẹni yòówù kó jẹ́, kí ìyàwó tàbí ọmọ bá yín gba fọ́ìsì lọ́wọ́ wọn. Ẹ ní kí wọ́n sọ ọjọ́ tó kọ́kọ́ débẹ̀. Nǹkan tí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ ni pé ọ̀gá tó ti ń tọ́ ọmọ iṣẹ́ nílé, tó bá dé Kánádà, ó lè padà di ẹni tó ń gbálẹ̀ tó ń pààrọ̀ ọ́ìlì títí á fi yege ìdánwò wọn. Ìdánwò Red Seal ni wọ́n ń pè é, èèyàn gbọ́dọ̀ gba 70 nínú 100 kó tó lè sọ pé òun jẹ́ mẹkáníìkì tí gbogbo Kánádà gbà. Ọ̀gá wa jókòó kàwé fún un lágbà, lẹ́yìn iṣẹ́, pẹ̀lú dígí lójú. Ìwé ẹ̀rí yẹn, ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́, kẹ́ ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò fírídọ̀mù wọn níbí. Ọjọ́ tá a kọ́kọ́ tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ṣe ni àwọn bọ́ìsì dákẹ́.

Àwọn fọ́tò àtijọ́ ńkọ́? Èyí tó ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì fúréèmù, ẹ má yà á kúrò o, àwọ̀ ẹ̀ á bá gíláàsì lọ. Ẹ gbé fúréèmù náà síta sábẹ́ ibòji, ẹ dúró gba ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ kí òjìji yín má bàa hàn nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ yà á bó ṣe wà. Ẹ yí ẹ̀yìn àwọn tí kò sí nínú fúréèmù wò náà, àwọn fótógíráfà àtijọ́ máa ń lu òǹtẹ̀ ṣọ́ọ̀bù wọn sẹ́yìn, nígbà mìíràn ọjọ́ wà níbẹ̀.

Ẹ gba ọwọ́ wọn sílẹ̀ kó tó parẹ́

Iṣẹ́ mẹkáníìkì, ọwọ́ ló wà. Kò sí nínú ìwé. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ọ̀gá wa tó ti di ọ̀gá báyìí ṣì ń ṣe nǹkan kan bí wọ́n ṣe ń ṣe é gẹ́lẹ́, wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé àwọn ń ṣe é. Nítorí náà ẹ lọ bá wọn ní ṣọ́ọ̀bù, lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ gidi, kẹ́ ẹ ya fídíò ọwọ́ wọn. Ẹ gbé fóònù dùbúlẹ̀, ẹ sún mọ́ ọn, ojú ò ṣe pàtàkì, ọwọ́ àti ohùn lẹ wá gbà. Ẹ bẹ àwọn aládùúgbò kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, torí ohùn ẹ́ńjìnnì wà lára ohun tẹ́ ẹ fẹ́.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi hàn bí ọ̀gá ṣe ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì: súkúrúdíráífà gígùn, ẹnu ẹ̀ lára irin ẹ́ńjìnnì, ìdí ẹ̀ létí, wọ́n á pajú dé, wọ́n á máa ṣí i láti ibì kan sí ibì kan títí wọ́n á fi mọ ibi tí ariwo ti ń wá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi hàn bí wọ́n ṣe ń fi pépà páálí sìgá wọn àlàfo pọ́ìǹtì, irin kékeré tó ń ṣí tó ń pa dé kí pílọ́gì lè ta iná, lára mọ́tò àtijọ́ nígbà tí kò sí géèjì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi hàn bí wọ́n ṣe ń di bóòtù sílíńdà hẹ́ẹ̀dì, láti àárín lọ síta, díẹ̀díẹ̀, wọn ò ní di ọ̀kan pinpin kí wọ́n tó kan èkejì. Ọ̀gá wa kì í dá èèyàn lóhùn tí wọ́n bá ń di hẹ́ẹ̀dì. Oníbàárà lè máa kí wọn, wọ́n ò ní gbójú sókè. Ọmọ iṣẹ́ tó bá rẹ́rìn-ín lásìkò yẹn á gbọ́ tiẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ẹ má sì fi ti ìgbà tuntun sílẹ̀. Àwọn tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá láti 1996 síwájú ní ihò tí wọ́n ń ki skánà, ẹ̀rọ tó ń ka àìsàn mọ́tò, bọ̀ lábẹ́ dáṣíbọọ̀dù, nígbà tí wọ́n sì kọ́kọ́ pọ̀ níbí, ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ ohun tá a máa fi í ṣe. Ọ̀gá wa ló fi skánà ránṣẹ́ sílé láti Calgary, wọ́n á pè wá lórí fídíò lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n á ní ká gbé fóònù súnmọ́ ẹ́ńjìnnì, wọ́n á máa darí wa. Ohun tí wọ́n ń tẹnu mọ́ ni pé skánà á sọ ibi tó ń dùn ún, kò ní sọ ohun tó fà á. Tí ọ̀gá tiyín bá ṣe irú ẹ̀, ẹ yẹ fóònù àwọn bọ́ìsì wò, àwọn fọ́ìsì nóòtì yẹn ṣì wà níbẹ̀, ẹ tètè kó wọn jáde kí ẹnì kan tó sọ fóònù nù. Ohùn wọn tààrà nìyẹn, kò sí ohun tó tó o.

Àpótí irinṣẹ́ wọn, tó bá ṣì wà nílé, ẹ sọ fún ẹbí kí wọ́n má tíì pín in, kí wọ́n má sì tà á fún àwọn alájàpá irin. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀ bó ṣe wà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án, torí bí mẹkáníìkì ṣe to sípánà ẹ̀ sọ púpọ̀ nípa ẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹbí lè fún àwọn ọmọ iṣẹ́ àgbà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí ìyókù dúró pa pọ̀ fún àwọn ọmọ.

Òkè àti odò

Wàyí o, ọ̀rọ̀ òkè. Kì í ṣe gbogbo mẹkáníìkì ló máa lo ọjọ́ ìsinmi ẹ̀ láti gun òkè, ọ̀gá wa ń ṣe é. Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì Sunday, Ìdànrè ni. Tí kì í bá ṣe Ìdànrè, wọ́n á ju ìwọ̀ sódò l'Òwèna. Tí wọ́n bá ní àyè, wọ́n á kó wa lọ sí Ìkọ́gọ̀sì l'Ékìtì lọ wo ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé. Wọ́n ní orí tó bá ti kún fún ariwo ẹ́ńjìnnì látọjọ́ Ajé, ó yẹ kó gbọ́ ẹyẹ. Nígbà tí wọ́n sì dé Calgary, tí wọ́n rí àwọn òkè Rocky lápá ìwọ̀ oòrùn, ẹ bi mí léèrè bí inú wọn ṣe dùn tó. Gbogbo fọ́tò tí wọ́n ń fi ránṣẹ́, òkè ni, adágún ni, wọ́n á wọ bàtà ńlá, agolo ohun tí wọ́n fi ń lé béárì á so mọ́ bẹ́líìtì wọn. Ẹni tó bá rántí irú èèyàn yìí tí kò jáde síta, kò tíì rántí wọn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lo Òkè Ìdànrè, ẹ gbọ́ bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é. Kò tó wákàtí kan láti Àkúrẹ́. Ẹ tètè lọ, kẹ́ ẹ ti wà lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn kí oòrùn tó mú, ẹ san owó géètì, kẹ́ ẹ gba ẹni tó máa mú yín káàkiri torí wọ́n mọ ìtàn ibẹ̀. Àtẹ̀gùn náà lé ní 600, ibi ìsinmi wà lọ́nà, kò sẹ́ni tó ń lé yín. Ẹ má lọ nígbà tí òjò ń rọ̀ gan-an, àpáta yẹn máa ń yọ̀. Bàtà tó di ẹsẹ̀ mú ni kẹ́ ẹ wọ̀, kí àwọn àǹtí fi bàtà gogoro sílé. Omi, omi, omi. Àwọn àgbà tí eékún ń dùn, ẹ má fipá mú wọn gùn ún, ẹ wá àga fún wọn sísàlẹ̀, ẹ fi ọ̀dọ́ méjì sọ́dọ̀ wọn, àwọn náà ti wá ṣe ìrántí nìyẹn.

Lókè lọ́hùn-ún, ìlú àtijọ́ wà níbẹ̀, ààfin àtijọ́ Ọwá, ọba Ìdànrè, ilé ẹ̀kọ́, kóòtù, torí àwọn ará Ìdànrè gbé orí òkè yẹn pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ ní 1923. Ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn wà níbẹ̀ náà, èyí tí wọ́n ní ó máa ń gba ẹsẹ̀ ẹni gbogbo. Ọ̀gá wa máa ń sọ fún wa pé ẹ wo àwọn èèyàn tó gbé òkúta àti igi gun ibí láìní jáàkì. Ibi tí ọ̀gá tiyín máa ń jókòó sí gan-an lẹ jókòó sí. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan sọ ìtàn kan, kí ẹnì kan kọ orin tí wọ́n fẹ́ràn, tó bá jẹ́ ẹlẹ́sìn ni wọ́n, ẹ gbàdúrà kúkurú. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé spíkà ńlá gòkè. Ẹ má sì kọ orúkọ wọn sára àpáta, ẹ má fi pẹ́ǹtì kàn án, ì báà jẹ́ pé ìfẹ́ lẹ fi ń ṣe é. Òkè yẹn ti wà nínú àkọsílẹ̀ tí Nàìjíríà fi ránṣẹ́ sí UNESCO láti 2007 pé kí wọ́n wò ó fún ogún àgbáyé, ẹ jẹ́ kó wà bó ṣe wà. Ọ̀rá píọ́ wọ́tà tẹ́ ẹ gbé gòkè, ẹ gbé e sọ̀.

Ẹ lè fẹ́ kí àwọn tọ̀hún gun òkè tiwọn lọ́jọ́ kan náà. Ó dáa gan-an, àmọ́ ẹ rántí ọ̀rọ̀ aago, nígbà tẹ́ ẹ bá wà lórí Ìdànrè láàárọ̀, wọ́n ń sùn. Ohun tá a ṣe ni pé a gun tiwa láàárọ̀, a ya fídíò, a sọ̀ kalẹ̀, a jẹun nínú Ìdànrè, a wá pè wọ́n laago 4 nígbà tí wọ́n ń múra àtijáde, a fi tiwa ránṣẹ́ kí wọ́n lè wò ó lójú ọ̀nà, nígbà tó dalẹ́ tiwọn wọlé sí wa. Banff ni wọ́n lọ, páàkì orílẹ̀-èdè tó dàgbà jù ní Kánádà, láti 1885 ló ti wà, kò jìnnà sí Calgary. Tí ẹnì kan nínú yín bá ń ronú pé kí àwọn ọmọ mú òkúta kan láti ibẹ̀ wálé wá fi sí ojú oórì ìdílé, ẹ má sọ ọ́ jáde. Òfin páàkì wọn ò gbà kí èèyàn mú òkúta, òdòdó tàbí ìwo ẹran kúrò níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ohun ìrántí, ẹnì kan ò lè dédé gbé páálí orúkọ tàbí bẹ́ǹṣì síbẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó páàkì. Bàtà òkè wọn, fìlà wọn, ọ̀pá tí wọ́n fi ń rìn, ìwé tí wọ́n fi gba àṣẹ ẹja pípa, àwọn yẹn ni kí wọ́n mú wálé.

Ọ̀rọ̀ kan ṣókí lórí ọdẹ. Àwọn èèyàn kan tí wọ́n bá ti gbọ́ pé ẹnì kan fẹ́ràn igbó, wọ́n á lọ háyà ọdẹ kí wọ́n wá sun ìrèmọ̀jé, kí wọ́n yìnbọn, kí fídíò lè dùn. Tí wọ́n bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ọdẹ lóòótọ́, àwọn ọdẹ fúnra wọn á wá ṣe ìṣípà, ẹ ò ní láti ránṣẹ́. Tí wọn kì í bá ṣe ọdẹ, ẹ má yá ètùtù ẹlòmíràn lò. Ọ̀rọ̀ Ògún náà rí bẹ́ẹ̀. Ní Ondó ọdún Ògún ṣì fẹsẹ̀ múlẹ̀, àwọn tó ń fi irin ṣiṣẹ́ máa ń jáde, tí ọ̀gá yín bá ń bá wọn ṣe é nígbà ayé wọn, ẹ lè mú ìrántí sítòsí ìgbà yẹn. Tó bá jẹ́ díákónì ni wọ́n, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe fẹ́ ká mọ àwọn.

Ọjọ́ náà ní ṣọ́ọ̀bù

Lẹ́yìn òkè, ẹ tún nílò ọjọ́ kan tí gbogbo èèyàn lè wá, inú mẹkáníìkì fílẹ́ẹ̀jì gan-an ni kẹ́ ẹ ti ṣe é. Ẹ sọ fún alága ẹgbẹ́ wọn tẹ́lẹ̀. Ẹ gbá ilẹ̀, ẹ da iyanrìn sórí ibi tí ọ́ìlì ti rọ, ẹ ta kánópì méjì mẹ́ta. Ẹ fi ránṣẹ́ sórí rédíò, Àdàbà tàbí Orange, ẹ sọ ọ́ ní ṣókí: ẹnikẹ́ni tí ọ̀gá báyìí bá tún mọ́tò ẹ̀ ṣe rí, kó wá, tí mọ́tò náà bá ṣì ń rìn, kó gbé e wá. Ẹ ó rí ohun tó máa jáde. Ní tiwa, 504 kan wá láti Ondó tí ẹni tó ni ín nísinsìnyí jẹ́ ọmọ ọmọ ẹni tó kọ́kọ́ rà á.

Aṣọ ẹbí, ẹ má dá a. Ófárọ́ọ̀lù ni àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn wọ̀ ní tiwa, ti iṣẹ́, a kàn fọ̀ ọ́. Owó aṣọ yẹn, ẹ wo nǹkan mìíràn fi ṣe.

Ẹ wá ìyá àgbà kan nínú ilé wọn tó mọ oríkì wọn délẹ̀, kì í ṣe èyí tí alága ìjókòó máa fi Àkúrẹ́ Olóyèmẹkùn bẹ̀rẹ̀ tí á sì parí síbẹ̀. Oríkì àbísọ wọn, ti bàbá wọn, ti ìdílé ìyá wọn. Ẹ gba ìyẹn sílẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé, kẹ́ ẹ tún jẹ́ kí wọ́n kì í lójú gbogbo èèyàn. Lẹ́yìn náà ẹ gbé fọ́ìsì àwọn ará Calgary sí i, kí ẹnì kan máa túmọ̀ ẹ̀. Ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ sọ pé tí mọ́tò bá sú gbogbo gáráàjì, wọ́n á ní kí wọ́n dúró de ọ̀gá wa kó dé. Bí wọ́n ṣe túmọ̀ ẹ̀ tán, bàbá awakọ̀ Ondó yẹn pariwo pé "bẹ́ẹ̀ náà ni níbí!"

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ iṣẹ́ kéékèèké ka 1-3-4-2 jáde, bí ọ̀gá ṣe máa ń jẹ́ kí ọmọ tuntun kà á lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bí iná ṣe ń gba inú sílíńdà mẹ́rin náà tẹ̀ lé ara wọn nìyẹn. Tí onífọ́kọ́ọ̀sì wàgẹ̀n bá wà níbẹ̀, á ní tòun ò rí bẹ́ẹ̀, 1-4-3-2 ni, òótọ́ ló sọ, ẹ jẹ́ kó ka tiẹ̀ náà. Kí àwọn tó gbé mọ́tò wá sitáàtì ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Owó tẹ́ ẹ bá dá jọ, ẹni tí àwọn ọ̀gá àti ẹbí jọ gbà ni kó wà lọ́wọ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ máa gbé iye tó wọlé àti iye tó jáde sí gúrúùpù, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnì kan béèrè. Nǹkan tó dáa jù tẹ́ ẹ lè fi ṣe, lójú tèmi, ni fírídọ̀mù. Ní gbogbo fílẹ́ẹ̀jì, ọmọ kan wà tó ti parí iṣẹ́ kíkọ́, tí òbí ẹ̀ ò rí owó fírídọ̀mù san, tó wá ń sin ọ̀gá lọ láìlópin. Ẹ ṣe é fún un lọ́jọ́ náà, ẹ ra sípánà àti sọ́kẹ́ẹ̀tì sẹ́ẹ̀tì kan fún un, ẹ kọ orúkọ ọ̀gá tó lọ sínú ìwé ẹ̀rí náà pé ní ìrántí wọn ni. Ọ̀gá tó ń kọ́ ọ ló máa fọwọ́ sí i o, ẹ bá a sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbin igi, ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni, bíi April sí June, kó lè ta gbòǹgbò kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó dé. Ẹ yẹra fún ibi tí wọ́n ti ń da ọ́ìlì tó ti kú sí, igi ò ní hù dáadáa níbẹ̀. Odán dáa fún ibòji àmọ́ gbòǹgbò ẹ̀ máa ń fọ́ gọ́tà àti ìpìlẹ̀, kẹ́ ẹ gbìn ín síbi tó jìnnà sí ilé. Máńgòrò náà dáa, àwọn bọ́ìsì á rí nǹkan jẹ. Ẹ fi páńgélé irin tàbí ríìmù mọ́tò yí i ká kí ewúrẹ́ má bàa jẹ ẹ́, ẹ yan ẹni tí á máa bomi rin ín nígbà ọyẹ́, kẹ́ ẹ sọ orúkọ ẹni náà lójú gbogbo èèyàn. Kí pánẹ́ẹ̀lì bítà kan gé irin pẹlẹbẹ, kí ó kọ orúkọ wọn sí i, ọdún tí wọ́n bí wọn àti ọdún tí wọ́n lọ, Àkúrẹ́ àti Calgary.

Gbogbo fọ́ìsì, fídíò àti fọ́tò tẹ́ ẹ kó jọ, ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ lórí wasáàpù nìkan. Ẹ kó wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ kó òmíràn sórí fíláàṣì méjì, ọ̀kan fún ẹbí nílé, ọ̀kan fún àwọn ọmọ lọ́hùn-ún. Tí àwọn ọmọ náà bá wálé nígbà Kérésì, àwọn ẹbí á fẹ́ máa gbé wọn kiri ilé àǹtí àti ilé ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ bá wọn tọrọ ọjọ́ kan, ọjọ́ iṣẹ́, kì í ṣe Sunday. Ẹ mú wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù laago 9 àárọ̀ nígbà tí mọ́tò ti ń wọlé, kẹ́ ẹ wọ̀ wọ́n ní ófárọ́ọ̀lù, kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ bàbá wọn jẹ́ kí wọ́n bá a pààrọ̀ pílọ́gì mẹ́rin lára mọ́tò kan títí tó fi máa sitáàtì.